Bí Ewé Bá Pẹ́ Lára Ọṣẹ: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ìyá Ilé ní Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ẹgbẹ́ rere àti ẹgbẹ́ búburú ni a sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí kìlọ̀ fún ọmọ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n, àwa fẹ́ mú òwe náà bí a ti pa á gan-an, kí a sì bèèrè pé: irú ewé wo ni ó wà lára ọṣẹ tí àwọn ìyá, àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ wa fi ń wẹ̀?

Ẹni tí ó bá ná ọjà ní Ọ̀wọ̀, ní Ìpele, ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìdóàní yóò rí ọṣẹ dúdú, òrí, àdín àti osùn níbẹ̀, bí àwọn ìyá wa àgbà ti mọ̀ wọ́n. Yóò sì rí ike àti ìgò tuntun tí a tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí a kọ ọ́ sí lára pé ewé àti egbò nìkan ni ó wà nínú wọn, àti pé wọn kò ní kẹ́míkà kankan. Ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn yìí kò lè jẹ́ òtítọ́ láéláé. Eérú ní kẹ́míkà tirẹ̀, efinrin ní tirẹ̀, omi tí a ń mu pàápàá kẹ́míkà ni. Ohun tí ó yẹ kí ọlọ́gbọ́n bèèrè ni pé: èwo ni ó wà níbẹ̀, báwo ni ó ti pọ̀ tó, kí ni ó sì ń ṣe lára ènìyàn?

ỌṢẸ DÚDÚ

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó síwájú nínú àwọn tí ń gbin kòkó ní ilẹ̀ Nàìjíríà, oko kòkó sì wà káàkiri ìhà Ọ̀wọ̀ àti Ọsẹ. Bí a bá wọn èso kòkó lórí òṣùwọ̀n, èèpo rẹ̀ nìkan a máa tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí àgbẹ̀ bá kó èèpo yìí jọ sínú oko tí ó sì fi í sílẹ̀ láti jẹrà, àrùn tí ń sọ èso kòkó di dúdú lè ti ibẹ̀ tàn ká. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa sá a sóòrùn, a máa sun ún di eérú, a sì máa da omi gba inú eérú náà kọjá títí omi pupa tí ó le yóò fi máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi eérú yìí ni a ń sè pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí tí yóò fi di ọṣẹ. Àwọn mìíràn a máa lo èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tàbí ṣùkù ẹyìn tí a ti gbọn ẹyìn rẹ̀ tán. Báyìí ni ohun tí à bá dà nù ṣe di owó ọjà, tí oko sì mọ́ tónítóní.

Èròjà tí ó pọ̀ nínú eérú náà ni pòtásíọ̀mù. Nítorí rẹ̀ ni ọṣẹ dúdú fi ń rọ̀ lọ́wọ́, tí kì í le gbandi bí ọṣẹ ìfọṣọ tí a fi sódà ṣe. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe gbàgbé pé ohun líle ni omi eérú. Àwọn onímọ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ti kan tàbí bí ó ti jọ omi eérú sí: omi mímọ́ wà ní 7, àwọ̀ ara ènìyàn wà ní nǹkan bí 5, ọṣẹ dúdú a sì máa tó 9 tàbí 10. Nítorí náà a máa bó ìdọ̀tí dáadáa, ṣùgbọ́n a máa bó òróró tí ara fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi í wẹ̀, kí ó fi omi pò ó ná, kí ó má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ lára, kí ó fi omi púpọ̀ ṣan ara, kí ó sì fi òrí para nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán lára rẹ̀. Bí ọṣẹ bá jẹ́ tuntun, kí a kọ́kọ́ fi díẹ̀ dán inú apá wò. Bí ó bá ta ènìyàn, omi eérú rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kí a má ṣe fi kan ojú, kí a má sì ṣe fi wẹ ọmọ ọwọ́.

ÒRÍ, ÀDÍN ÀTI IRUN ORÍ

Igi òrí kì í hù nínú igbó tiwa. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni ilé rẹ̀, ní ìhà Ṣakí, ní Kwara àti ní Niger, láti ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò sì ti ń kó o wá. Ooru ara nìkan tó láti yọ́ ọ. Ìdá kan sì wà nínú rẹ̀ tí, bí a bá fi omi eérú sè é títí, kì yóò di ọṣẹ láé. Ìdá yìí nínú òrí pọ̀ ju ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ òróró mìíràn lọ, òun sì wà lára ohun tí ó mú kí òrí dára fún ara tí ó gbẹ tí ó sì há, àgàgà nígbà ọyẹ́.

Ní ti àdín, bí ìdajì rẹ̀ ni ó jẹ́ èròjà kan náà tí ó pọ̀ nínú òróró àgbọn, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní lauric acid. Ní ọdún 2003, Aarti Rele àti R. B. Mohile ní ilẹ̀ Íńdíà fi òróró àgbọn wé òróró sunflower àti òróró tí a ń fà jáde láti inú epo ilẹ̀. Òróró àgbọn nìkan ni ó dín àdánù èròjà inú irun kù nígbà tí a bá ń fọ irun, nítorí pé èròjà rẹ̀ a máa wọ inú fọ́nrán irun lọ, nígbà tí àwọn ìyókù dúró sí òde. Ẹ kò ha rí i pé àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi àdín ra orí ọmọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ kò ṣe iṣẹ́ asán?

Síbẹ̀, òróró kì í ṣe oògùn ohun gbogbo. Bí a bá di irun ọmọbìnrin le jù nígbà gbogbo, tí iwájú orí rẹ̀ fi ń pá, kò sí àdín tí yóò wò ó sàn bí a kò bá dẹ ọwọ́ ìdirun.

EFINRIN ÀTI ASÙNWỌ̀N

Efinrin tí a ń já sínú ọbẹ̀ ní òróró olóòórùn líle nínú ewé rẹ̀, èyí tí ó lágbára láti pa kòkòrò àìfojúrí. Ní ọdún 2002, L. O. Orafidiya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, tẹ àbájáde ìdánwò jáde lórí irorẹ́ ojú. Wọ́n po òróró efinrin mọ́ ìpara ní ìwọ̀n ìdá 2 nínú 100, wọ́n sì rí i pé irorẹ́ tètè dín kù ju bí ó ti rí lọ pẹ̀lú oògùn òyìnbó tí wọ́n fi wé e. Ẹ kíyèsí ìwọ̀n náà! Ìdá 2 péré ni. Bí òróró náà bá pọ̀ jù nínú ìpara, a máa ta ojú, a sì máa mú un wú. Ẹni tí ó gún efinrin tútù lé ojú rẹ̀ mọ́jú kò ṣe ohun tí àwọn olùkọ́ Ifẹ̀ ṣe.

Asùnwọ̀n, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí àbẹ́là lẹ́bàá ọ̀nà, jẹ́ ọ̀tá làpálàpá láti ìgbà àwọn baba wa. Èròjà inú ewé rẹ̀ a máa dènà àwọn ohun kéékèèké, ẹbí olú, tí ń fa làpálàpá. Bí làpálàpá bá wà ní apá tàbí ní ẹ̀yìn, ọṣẹ asùnwọ̀n lè ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá wà ní orí ọmọ, tí irun ń ré dànù ní ojú rẹ̀, àrùn náà ti wọ ìdí irun, níbi tí ọṣẹ àti ìpara kò lè dé. Oògùn tí a ń gbé mì, tí dókítà bá kọ, ni yóò wò ó. Ọmọ ilé-ìwé tí ó gbé làpálàpá kiri orí fún ọdún kan, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń retí ọṣẹ, lè ti kó o ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

OSÙN, LÀÁLÌ ÀTI ỌSÀN WẸ́WẸ́

Osùn ni ẹwà ìyàwó àti ti abiyamọ. Láti ara ìrosùn àti igi osùn ni a ti ń rí i. Àwọ̀ pupa rẹ̀ kò fẹ́ràn láti yọ́ nínú omi, nítorí náà ni a fi ń pò ó mọ́ òrí tàbí àdín. Bí ó bá kúnná, tí kò sì ní iyanrìn, kò burú fún ara. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi í sí ìdodo ọmọ tuntun tí kò tíì jinná.

Làálì náà dára lọ́wọ́ àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àìtó èròjà kan tí a ń pè ní G6PD nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọn kò sì wọ́n láàárín wa. Bí a bá fi làálì kun irú ọmọ bẹ́ẹ̀, a lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, kí ó sì wà nínú ewu ikú. Nítorí náà, kí a má ṣe fi làálì kun ọmọ ọwọ́ rárá. Ní ti èyí tí wọ́n ń pè ní làálì dúdú, ẹ mọ̀ pé àwọ̀ làálì kì í dúdú kirikiri. Aró irun òyìnbó ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, a sì máa bó ara ẹlòmíràn bí iná.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ojú kí ó lè mọ́. Èròjà kan wà nínú ọsàn yìí tí oòrùn ń mú bínú: bí ó bá wà lára nígbà tí oòrùn ń ràn, ara yóò jóná, yóò lé ròrò, àpá dúdú yóò sì dípò ìmọ́lẹ̀ tí a ń wá. Ewé àti èso ni gbogbo ìwọ̀nyí o. Kò sí ọwọ́ òyìnbó nínú ọsàn wẹ́wẹ́.

OHUN TÍ KÌ Í ṢE EWÉ

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra ọṣẹ dúdú rere, tí wọ́n ń gún un, tí wọ́n sì ń po ìpara ìbóra mọ́ ọn, kí wọ́n tó kọ orúkọ ewé sí i lára. Ìyàwó tuntun rà á, ó gbàgbọ́ pé ohun tí ìyá ìyá òun lò ni òun ń lò. Bí ọṣẹ bá sọ ènìyàn di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mọ̀ dájú pé eérú kòkó kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀.

Mẹ́ta ni àwọn ọ̀tá náà. Èkínní ni hydroquinone: a máa bó àwọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́, a máa sọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ di dúdú kirikiri, èyí tí ó ṣòro púpọ̀ láti wò. Èkejì ni irú oògùn bí clobetasol àti betamethasone, tí dókítà ń fún aláìsàn fún ìgbà díẹ̀. Bí a bá sọ wọ́n di ìpara ojoojúmọ́, àwọ̀ yóò fẹ́lẹ́, egbò kì yóò tètè jinná, bẹ́ẹ̀ ni ojú abẹ kì yóò san bọ̀rọ̀ bí ó bá di pé a ní láti fi iṣẹ́ abẹ gba ọmọ lára aboyún. Ẹ̀kẹta ni mákúrì, tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ inú jẹ́. Kì í sì í ṣe ẹni tí ó fi í para nìkan ni ó ń dé bá. Ní ọdún 2010, ní California àti Virginia ní Amẹ́ríkà, àwọn aláṣẹ ìlera rí mákúrì lára àwọn ènìyàn tí kò fi irú ìpara bẹ́ẹ̀ kan ara rí. Inú ilé kan náà ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú ẹni tí ń lò ó.

Àjọ NAFDAC ti kéde ní ọdún 2023 pé ọ̀rọ̀ bíbóra ti di ewu ńlá fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọdún náà pẹ̀lú, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn Minamata ti 2013 fi ẹnu kò pé kí a fi òpin sí gbogbo ìpara tí a fi mákúrì sí ní 2025. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé olúkúlùkù. Ìyá ilé ni yóò dúró níbẹ̀.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọlọ́ṣẹ, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì bi í léèrè pé, “Màmá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ni ẹ se ọṣẹ yìí fúnra yín? Kí ni ẹ fi sè é?” Ẹni tí ó se é yóò dáhùn wéré pé, “Eérú kòkó àti àdín ni, ọmọ mi.” Ẹni tí ó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì kọjá. Èyí tí ó bá wà nínú ike, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC àti orúkọ ohun gbogbo tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ti ń lo ìpara ìbóra, kí ó tọ dókítà lọ, kí ó sì sọ òtítọ́ fún un, pàápàá bí ó bá lóyún. Nítorí pé fífi àwọn kan nínú wọn sílẹ̀ lójijì a máa mú kí ara bínú.

Ẹ̀yin obìnrin tí ń se ọṣẹ ní oko àti ní abúlé, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni àwọn apòpọ̀mọ́ ń bà jẹ́. Bí ojú àwọn oníbàárà bá ti bàjẹ́ tán, ọṣẹ yín ni wọn yóò sá fún, kì í ṣe ti àwọn wọ̀nyí nìkan. Ẹ máa sọ ohun tí ẹ fi sè é láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má ṣe máa yin pupa níwájú ìyàwó dúdú. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ọmọbìnrin tí ó ti gbọ́ láti ẹnu ìyá àti baba rẹ̀ pé àwọ̀ rẹ̀ dára, kò ní fi owó ra ohun tí yóò bó o.