Kí ló dé tí egbò Buruli kì í mú gbogbo ènìyàn?

Ọmọ méjì jọ lọ pọn omi ní àbàtà kan náà. Wọ́n jọ tẹ ẹrẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kókó kan yọ ní ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Kò dùn ún. Nígbà tó yá, kókó náà bẹ́, ó di egbò ńlá. Ara èkejì le koko. Kí ló fà á? Àwọn kan á ní ayé ló ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí.

Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ló ń fa egbò Buruli. Inú àbàtà àti ẹrẹ̀ ló ń gbé. Ó ń tú oró sí ara. Oró náà ń ba ẹran ara jẹ́, kì í sì jẹ́ kí ó dunni. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń pẹ́ kí wọ́n tó wá ìtọ́jú.

Ilé ìtọ́jú egbò yìí wà ní Pobè. Láti ọdún 2005 sí 2011, àyẹ̀wò fi hàn pé ènìyàn 1227 tó wá síbẹ̀ ló ní àìsàn náà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé.

Bí a ti ń jogún ojú àti ìdúró lọ́wọ́ òbí, bẹ́ẹ̀ ni a ń jogún bí ara ṣe ń bá àìsàn jà. Àbùdá kan wà tí wọ́n ń pè ní ATG16L1. Ó ń ran ara lọ́wọ́ láti ká kòkòrò mọ́, kí ó sì pa á run. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ tó yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìgbèríko Benin wò sọ pé oríṣi àbùdá yìí kan ń dín ewu egbò Buruli kù.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó yan ohun tí ó jogún. Ojú kò sì lè mọ ẹni tó ní ààbò yìí. Gbogbo wa ni kí a ṣọ́ra:

- Ẹ lo omi ẹ̀rọ tàbí omi kànga tó ní ìdérí.
- Ẹ wọ bàtà àti ṣòkòtò gígùn lọ sí oko àbàtà.
- Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́.

Bí ẹ bá rí kókó tàbí ibi tó wú tí kò dunni, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn ní Sakété tàbí ní Pobè. Oògùn wà. Ọ̀sẹ̀ 8 ni a fi ń lò ó. Bí ẹ bá pẹ́, ó lè di iṣẹ́ abẹ, ẹsẹ̀ tàbí ọwọ́ sì lè ká kò títí ayé.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ń wẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, ẹ fi ọwọ́ wá ara wọn dáadáa.