Attiégou: Ẹ̀kún Omi Láìsí Ìjì Ńlá

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ìjì líle tí a ń pè ní Idai jà wọ ìlú Beira ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì. Òun àti ẹ̀kún omi tí ó fà pa ènìyàn tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ní Mòsáńbíìkì, Sìmbábúè àti Màláwì. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í jà ní Lomé. Etíkun Tógò súnmọ́ agbedeméjì ayé jù. Níbẹ̀, yíyí tí ayé ń yí kò ní agbára tó láti mú afẹ́fẹ́ pòòyì di ìjì ńlá. Síbẹ̀, bí òjò bá ti pọ̀ jù, inú omi ni ọ̀pọ̀ ará Attiégou ń jí sí.

Ìhà àríwá-ìlà-oòrùn Lomé ni Attiégou wà. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, ó sì rẹlẹ̀. Kò jìnnà sí àfonífojì odò Zio tí ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Tógò. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a gòkè wá pàdé omi òjò. Àwọn àgbà ní odò kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn. Ní Attiégou, omi kò tilẹ̀ rí ibi tí yóò ṣàn gbà. Bí Lomé ti ń fẹ̀ ni a ń pín àwọn ilẹ̀ kòtò fún ìkọ́lé, ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ilẹ̀ gíga ni ó sì ń ra wọn.

Ìjì a jà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, gbogbo ayé a sì gbọ́. Omi Attiégou lè dúró fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ariwo. Ẹsẹ̀ ògiri a máa jẹ díẹ̀díẹ̀. Omi ṣáláńgá a dà pọ̀ mọ́ ti kànga, ìgbẹ́ gbuuru a tẹ̀ lé e. Ẹ̀fọn a pọ̀, ibà a sì dé. Zẹ́mìjánì kò ní rí ọ̀nà wọ àdúgbò, ìyá tí ń ta oúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà kò sì ní rí oníbàárà. Onílé tí ó lówó a ra yanrìn, a fi gbé ilẹ̀ rẹ̀ ga. Omi tí ó lé kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀ a yà sí ilé aládùúgbò tí kò ní.

Ewu yìí kò mọ sí Attiégou. Ní ọdún 2008, omi wó afárá Amakpapé lórí òpópónà tí ó ti Lomé lọ sí àríwá. Ní ọdún 2010, ẹ̀kún omi kan ènìyàn tí ó lé ní 80,000 ní Tógò, àti nǹkan bí 680,000 ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ìgbà náà, ìjọba ti gbẹ́ adágún tí ń gba omi òjò sí àwọn àdúgbò kan ní Lomé, wọ́n sì la gọ́tà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó lè gba tálákà, nítorí ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Bí gọ́tà kò bá gba iwájú ilé gbogbo dé odò, tí a kò sì kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ kí òjò tó dé, yanrìn ẹnì kan yóò máa jẹ́ ìyà ẹlòmíràn.