Nọ́ńbà Tó Wà Lórí Ìdérí Ẹ́ńjìnì

Ẹni tó bá gba títì Òṣòdì sí Àpápá wọ ọjà Ládípọ̀ ní Múṣin kò ní í pẹ́ dé ìlà àwọn ọlọ́ìlì. Kí ojú tó rí wọn ni imú ti mọ̀. Gálọ́ọ̀nù pupa, aláwọ̀ ewé, dúdú àti aláwọ̀ góòlù ni wọ́n tò léra wọn títí kan òrùlé. Lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mélòó kan, dúrọ́ọ̀mù ńlá wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò fẹ́ ra odidi gálọ́ọ̀nù. Wọn á fà á jáde, wọn á wọ̀n ọ́n fún un sínú kẹ́ẹ̀gì tó bá mú wá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ń wọlé, wọ́n ń jáde, oníkálukú pẹ̀lú orúkọ tí ọ̀gá ní kó dá. Ṣàṣà ni ẹni tó yí gálọ́ọ̀nù padà kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá kan tó wa Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo bá wọ ọjà láàárọ̀ Sátidé. Tíṣà ni. Bí ilé ìwé bá parí, ó máa ń fi ọkọ̀ náà kérò láti Ìyànà-Ìpájà lọ sí Ọbáléndé. Ohun tó bèèrè kò gùn: "Ẹ fún mi ní ọ́ìlì tó ki dáadáa, oòrùn Èkó yìí mú." Bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rà á nìyẹn. A ti gbà pé èyí tó bá ki ló lágbára, bí ìgbà tí à ń yan ẹ̀kọ fún ọmọ tí ebi ń pa. Ọ̀dọ́mọkùnrin Ìgbò tó ń tajà, tí Yorùbá yọ̀ mọ́ lẹ́nu, kò tíì gbé nǹkan kan sílẹ̀ tó fi dá a lóhùn pé: "Mọ́mì, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fún mi ná."

Lórí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, eruku àti gírísì ti di ẹrẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nù ún, nọ́ńbà sì yọ: 5W-30. Ibẹ̀ ló ti wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. Ìyá náà tẹjú mọ́ ọn. 20W-50 ni wọ́n ti ń dà sí i láti ìgbà tó ti rà á.

Èyí tó ṣáájú W nínú nọ́ńbà yẹn ń sọ bí ọ́ìlì ṣe lè ṣàn tó nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù. Bó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń tètè ṣàn tó. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé ìwọ̀n 100 Celsius, ìgbóná omi tó ń hó. Ẹni tó ń fi oòrùn Èkó ṣe àwíjàre gbọ́dọ̀ dúró síbí. Ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ ló ń dá ooru tirẹ̀ sílẹ̀, rédíétọ̀ àti fáànù ló sì ń dì í mú kó má kọjá ààlà, yálà Múṣin ló wà tàbí Lọ́ńdọ̀nù. Bí nǹkan wọ̀nyí bá ń ṣiṣẹ́ dáadáa, oòrùn ìta kò tó ìdí láti kọ nọ́ńbà tó wà lórí ìdérí sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnì Corolla yìí, 1ZZ-FE, ní ohun tí Toyota ń pè ní VVT-i. Ọ́ìlì ló ń ti ẹ̀rọ yẹn tó fi ń yí àsìkò tí fáàfù ń ṣí padà, ihò tóóró ni ọ́ìlì sì ń gbà dé ibẹ̀, pẹ̀lú asẹ́ kékeré lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì tó bá ki ju bó ti yẹ lọ, tàbí tó ti dọ̀tí, á máa fà kó tó débẹ̀. Ó burú jù láàárọ̀ kùtù, tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ọkọ̀ jí, nígbà tí ọ́ìlì kò tíì gòkè tí irin ń gbo irin. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni pe 20W-50 ní ọ́ìlì búburú. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí wọ́n ṣe é fún, ẹ́ńjìnì tó ti gbó tó ń mu ọ́ìlì sì lè fi í ra ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ti ìyá yìí kò tíì máa mu ọ́ìlì.

Ọmọkùnrin náà tún fi ìka tọ́ ohun kan lára gálọ́ọ̀nù tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń wa ọkọ̀ mọ̀: àmì róbótó tí wọ́n kọ API sí, ìyẹn American Petroleum Institute. Lẹ́tà S jẹ́ ti ẹ́ńjìnì tó ń lo bẹntiróòlù, C sì jẹ́ ti dísẹ́ẹ̀lì. Nínú ti S, lẹ́tà kejì ló ń sọ ìran tí ọ́ìlì jẹ́; bó bá ṣe jìnnà sí A tó ló ṣe jẹ́ tuntun tó. SN jáde ní 2010, SP ní 2020. Gálọ́ọ̀nù kan wà lórí àtẹ náà tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti àwọn yòókù. Ọkọ̀ olówó ńlá ni wọ́n yà síwájú rẹ̀. Lẹ́yìn, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́, SF ni wọ́n kọ. API fúnra wọn sọ pé SF kò yẹ fún ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988. Ó dùn mí, torí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ló máa gbé e, òun náà ni kò ní rówó tún ẹ́ńjìnì ṣe.

Gálọ́ọ̀nù 5W-30 onílítà mẹ́rin, SN, ni ìyá náà sanwó fún. Kó tó gbà á, wọ́n wo òrùka ìdérí bóyá ó ti já, wọ́n ṣí i wo bébà fàdákà tí wọ́n fi lẹ ẹnu rẹ̀, wọ́n wo déètì. Kò sún mọ́ dúrọ́ọ̀mù.

Ìsọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ kò jìnnà. Ọ̀gá ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, kí ọ́ìlì lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó lè kó ẹ̀gbin jáde. Lẹ́yìn náà ọmọ iṣẹ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà 14. Nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù tú, ọ́ìlì sì já lulẹ̀ sínú abọ́, dúdú kirikiri. Ìyá náà pariwo. Ọ̀gá ní, "Mà, ẹ fọkàn balẹ̀. Dúdú kọ́ ni ẹjọ́." Òótọ́ ló sọ. Wọ́n po oògùn mọ́ ọ́ìlì kó lè máa kó èéfín àti ẹ̀gbin dání, kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ irin. Ọ́ìlì tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúdú. Ó fi ìka méjì bu díẹ̀, ó rà á níwájú oòrùn, ó gbé e sí imú. Bó bá ń dán bí ìdọ̀tí irin, nǹkan ń jẹra nínú. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, epo ń jò wọ inú rẹ̀. Bó bá funfun bíi mílíìkì, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnì ti jóná. Kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Ibi fíltà ni mo ti mọ̀ dájú pé ọ̀gá mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó tú ti àtijọ́, ó kọ́kọ́ yí i padà láti wò ó bóyá òrùka rọ́bà rẹ̀ wà lára rẹ̀. Bí rọ́bà àtijọ́ bá lẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnì tí wọ́n sì de tuntun lé e, méjèèjì kò ní í jókòó dáadáa, ọ́ìlì lè tú dànù lójú ọ̀nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fi ọ́ìlì tuntun pa rọ́bà fíltà tuntun, ó fi ọwọ́ lásán de é. Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ gbé irin ìdè, ọ̀gá ní kó gbé e sílẹ̀. Ó pààrọ̀ wásà nọ́ọ̀tì sọ́ǹpù náà.

Lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnì yìí ń gbà tí a bá pààrọ̀ fíltà. Wọ́n dà á, wọ́n ta ọkọ̀ jí, wọ́n wo abẹ́ bóyá ó ń jò, wọ́n pa á, wọ́n sì dúró díẹ̀ kí ọ́ìlì tó sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó fa géèjì. Bí ọ́ìlì bá ju ààlà òkè lọ, kíráǹkì á máa gbá a di ìfófòó, ìfófòó kò sì lè gbé irin.

Ìgbà wo ló yẹ kó padà wá? Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ìyá náà ní àbúrò òun ní Houston ń rìn tó 10,000 máìlì kó tó pààrọ̀ tirẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀: Toyota fàyè gba iye yẹn fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo ọ́ìlì síńtẹ́tíìkì 0W-20. Ṣùgbọ́n ìwé ọkọ̀ máa ń ya iṣẹ́ líle sọ́tọ̀, ó sì ń gé àsìkò kúrú fún un: eruku, ìrìn kúkúrú, ẹrù wúwo, dúró-díẹ̀-rìn-díẹ̀. Ta ni ìyẹn ń bá wí bí kò ṣe awakọ̀ Èkó? Máìléèjì kì í ka súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹni tó ń sáré 50 máìlì ní wákàtí kan lórí ọ̀nà tó dán á rin 3,000 máìlì láàárín 60 wákàtí. Ẹni tó ń wọ́ 10 máìlì ní wákàtí kan láti Ìyànà-Ìpájà dé Ọbáléndé á lo 300 wákàtí fún iye kan náà. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìlọ́po márùn-ún.

Ọ̀gá dúró lórí 3,000 máìlì, mo sì gbà pẹ̀lú rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń kérò ní Èkó. Àwọn ẹlòmíì máa ń ní 5,000, ìyẹn sì dára, bó bá jẹ́ kìlómítà. Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà ni ọkọ̀ yìí, máìlì ló ń kà. 5,000 lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ ju 8,000 kìlómítà lọ. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ló ti gbó sínú àṣìṣe yẹn. Fún ọkọ̀ tí kì í jáde púpọ̀, oṣù mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ kọjá. Jẹnẹrétọ̀ tí kò ní máìléèjì rárá ńkọ́? Wákàtí ni kí ẹ kà: ọ̀pọ̀ àwọn kékeré tó ní sọ́ǹpù ọ́ìlì tiwọn ń fẹ́ ọ́ìlì tuntun ní gbogbo 100 wákàtí, tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì ń fẹ́ tàkọ́kọ́ ní 20.

Ọ́ìlì àtijọ́ lọ sínú dúrọ́ọ̀mù, àwọn agégẹdú máa ń wá rà á fi pa pákó nítorí ikán. Mo rí ìsọ̀ kejì tó ń da tirẹ̀ sí gọ́tà, gọ́tà náà sì kọjá lẹ́bàá kànga. Kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wá dúrọ́ọ̀mù.

147,620 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀gá fi máákà kọ 150,620 sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igun gíláàsì. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta lítà ló kù nínú gálọ́ọ̀nù. Ọkùnrin tó ń ra gálọ́ọ̀nù òfìfo ti dúró tì wọ́n, ó nawọ́. Ọ̀gá kọ̀ fún un: inú irú gálọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan ń rọ ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n sẹ́ sí, tí wọ́n á tún tà fún ni. Ó ní kí ìyá náà gbé e sí búùtù, kó máa fa géèjì ní Sátidé Sátidé, kó fi èyí tó kù dí i bó bá wálẹ̀, kó sì dá gálọ́ọ̀nù náà padà fún òun bó bá tán, òun á fi ọ̀bẹ lu ú.