Ọmọ méje tí ó gba abẹ́rẹ́, tí èéyi sì tún mú

Bí èéyi, tí àwọn dókítà wa ní Kútọnu ń pè ní rougeole, bá wọ ilé ìwé kan, ọ̀rọ̀ kan náà ni àwa olùkọ́ máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí: «Ṣebí wọ́n ti gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́? Kí ló dé tí ó tún mú un?» Ìbéèrè gidi ni, ìṣirò ni a sì fi ń dá a lóhùn.

Ẹ jẹ́ kí a ro kíláàsì CI kan tí ó ní ọmọ 50. Àwọn 46 ti gba abẹ́rẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan, nígbà tí wọ́n pé oṣù 9. Àwọn 4 kò gbà á rárá. Abẹ́rẹ́ oṣù 9 máa ń dáàbò bo nǹkan bí ọmọ 85 nínú 100. Ààbò tí ìyá ti fún ọmọ láti inú oyún ṣì lè wà lára rẹ̀ nígbà náà, kí ó sì dí abẹ́rẹ́ náà lọ́wọ́. Nítorí náà, nǹkan bí 7 nínú àwọn 46 yẹn kò ní ààbò. Kí èéyi wá wọlé, àrùn tí aláìsàn kan lè kó ran ènìyàn 12 sí 18 níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní ààbò: yóò mú àwọn 4, yóò sì mú àwọn 7. Ọmọ 11 ti dùbúlẹ̀, 7 nínú wọn sì ní àmì abẹ́rẹ́ nínú carnet! Ẹni tí ó bá wo orí ẹní nìkan yóò ní asán ni abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn 39 tí ó ṣì jókòó ní kíláàsì ńkọ́? Gbogbo wọn ni wọ́n gún. 7 nínú 46 ló ṣàìsàn níhìn-ín. Lọ́hùn-ún, 4 nínú 4 ni.

Ọ̀nà kejì tí a fi ń wọn agbára abẹ́rẹ́ ni ẹ̀jẹ̀: a ó yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú, a ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ nìkan kò tó. Ní 1989, Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ kan tí ó lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, fún ọmọ oṣù 6. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́. Ní Sẹ̀nẹ̀gà àti Guinea-Bissau, àwọn olùwádìí kò dẹ́kun kíka àwọn ọmọ náà lọ́dọọdún, wọ́n sì rí i pé àwọn ọmọbìnrin tí ó gbà á ń kú ju àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Ní 1992, wọ́n pa á tì. Kì í ṣe òun ni à ń gún fún àwọn ọmọ wa lónìí.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kejì ni yóò dáàbò bo ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn 7 wa yẹn. Èrò tiwa ni pé kí olùkọ́ CI kọ̀ọ̀kan ṣí carnet ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó ka àmì kejì, kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, nítorí ìgbà náà ni èéyi máa ń jà jù.