Nígbà Tí Ìwé Kò Bá Wọ Orí Mọ́

Ìwé lè sú ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ. Ìwé wà lọ́wọ́, ojú wà lára ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń kà kò wọ orí. Olúwarẹ̀ á ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta láìlè sọ ohun tó wà níbẹ̀. Bó bá pẹ́, rírí ìwé náà lórí tábìlì nìkan á ti máa rẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń kàwé fún ìgbádùn lè pa á dé, kó bá tirẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí àárẹ̀ ìwé fi ń le jù lára akẹ́kọ̀ọ́.

Abẹ́òkúta wà lára ibi tí wọ́n ti fi ojú ìṣègùn wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nílé ìwòsàn Aro, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn aláìsàn ọpọlọ wọ̀ sílé àwọn ará abúlé ní 1954, ni oníṣègùn ará Kánádà kan, Raymond Prince, ti ṣiṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá bá a, ẹjọ́ wọn sì jọra. Orí ń gbóná, ó ń ta, bí ẹni pé nǹkan ń rìn nínú rẹ̀. Ọrùn ń ro wọ́n. Ojú ń ṣú bí wọ́n bá ti ṣí ìwé, ohun tí wọ́n sì kà lánàá ti fò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é ní “brain fag”, orúkọ yẹn náà ni Prince sì fi kọ nípa rẹ̀ ní 1960.

Ohun méjì ni Prince dì í mọ́. Ó ní ìrètí tí ẹbí gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lórí wúwo jù. Ó tún ní kí ènìyàn dá jókòó ti ìwé, gẹ́gẹ́ bí àwọn Òyìnbó ti gbé e wá, kò bá ọ̀nà tí wọ́n gbà tọ́ ọmọ náà dàgbà mu. Ní ti àkọ́kọ́, ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Yorùbá lásìkò yẹn kò ní jiyàn. Lóòótọ́ ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ṣùgbọ́n owó ni wọ́n fi ń lọ sí ilé-ìwé girama. Owó kòkó bàbá, èrè ọjà ìyá, àjọ tí ẹ̀gbọ́n dá, gbogbo rẹ̀ lè bá ọmọ kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú ìrètí pé bó bá là á já, yóò fa àwọn àbúrò sókè. Ọmọ náà jókòó ti ìwé, gbogbo ẹbí sì jókòó tì í. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí nínú ọ̀pọ̀ ilé títí di òní.

Èkejì ni kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi orúkọ kan náà pe àárẹ̀ ọpọlọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ọ̀mọ̀wé tiwọn. Síbẹ̀, ìwé atọ́nà àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, ẹ̀dà 1994, kà á mọ́ àwọn àìsàn tó so mọ́ àṣà, ó sì dárúkọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹ̀dà 2013 yọ ọ́ kúrò nínú àkójọ rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀yà tí ìwé kì í sú.

Ní 1980, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà kan, Morákinyọ̀, tọ́ka sí ohun tó sún mọ́ ara ju ìyẹn lọ: àìsùn, àti àwọn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ tàbí tí wọ́n ń mu kí oorun má bàa kùn wọ́n. Ta ni kò mọ̀ wọ́n? Obì ní ẹnu, kọfí dúdú nínú kọ́ọ̀bù, ẹsẹ̀ méjèèjì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù títí ilẹ̀ fi mọ́. Kaféènì inú obì àti kọfí kì í tètè kúrò lára. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí 5, ìdajì rẹ̀ ṣì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó mu kọfí ní aago 10 alẹ́, tó wá sùn ní aago 3 òru, kò lè sùn wọra. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun tí a kà lọ́jọ́ náà pa mọ́. Ẹni tó fi òru kàwé láìsùn ń da omi sínú agbọ̀n.

Nígbà tí ọmọ bá ń ráhùn pé nǹkan ń rìn lórí òun, ilé mìíràn á ní ayé ló gba ìwé lórí rẹ̀, ilé mìíràn á ní ọ̀lẹ ni. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dá kún ẹ̀rù tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tó yẹ kí òbí kọ́kọ́ béèrè ni iye wákàtí tí ọmọ ń sùn. Ọ̀dọ́langba nílò wákàtí 8 sí 10, àgbàlagbà nílò 7 ó kéré tán. Kí wọ́n tún yẹ ojú rẹ̀ wò, nítorí ojú tó nílò jígí máa ń fa ẹ̀fọ́rí bí ẹni bá kàwé pẹ́.

Lẹ́yìn oorun, ọ̀nà ìkàwé ló kàn. Kíka ohun kan náà ní àkàtúnkà ń tánni lókun, èrè rẹ̀ kò sì pọ̀. Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi hàn ní Amẹ́ríkà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ka àyọkà, tí wọ́n pa á dé, tí wọ́n sì gbìyànjú láti rántí rẹ̀, mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ awo ti ń kọ́ Ifá tipẹ́: díẹ̀díẹ̀ ni babaláwo ń fún wọn ní ẹsẹ, wọn á sì sọ ọ́ padà sí i létí kó tó fi òmíràn kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ lè kàwé fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó pa á dé, kó dìde, kó sì ṣàlàyé ohun tó kà fún ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń kàwé. Ní ti pé dídá jókòó ti ìwé lè nira, Prince kò ṣìnà pátápátá.

Ti ẹni tó ń kàwé fún ìgbádùn kò le tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń pẹ́. Ọ̀pọ̀ ló parí ìdánwò àṣekágbá tí wọn kò ṣí ìwé ìtàn kankan mọ́, àdánù ńlá sì ni. Irú wọn kò gbọ́dọ̀ fi ìwé tó nípọn bẹ̀rẹ̀ padà. Bí ìwé kan kò bá lọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀; kò sí ẹni tí yóò fi ìdánwò bi wọ́n. Ìwé tí wọ́n gbádùn rí ló dára jù: ìtàn ọdẹ Fágúnwà tó jáde ní 1938, tàbí Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, ìtàn ọ̀daràn àti ọlọ́pàá tó ń fa ọkàn lọ láti ojú ewé kan sí èkejì. Ìtàn Sẹ̀gilọlá tí Isaac B. Thomas kọ, lẹ́tà lẹ́tà ló jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàárín 1929 àti 1930, àwọn òǹkàwé sì ń retí èyí tó kàn. Ẹni tí ìwé ti sú lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara rẹ̀: orí kan lóòjọ́, kó sì pa á dé nígbà tó ṣì ń wù ú.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí oorun kò wá, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohun tó ń múnú ẹni dùn tẹ́lẹ̀ kò mú un dùn mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ìwé. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn lè fi ìwé tí kò wọlé bojú. Oníṣègùn ló yẹ kó rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, lọ́gán sì ni bó bá ń sọ̀rọ̀ ikú. Aro ṣì ń gba aláìsàn títí di òní. Ilé ìwòsàn UCH n’Ìbàdàn àti ti Yábàá l’Ékòó náà ní àwọn oníṣègùn ọpọlọ.