Pírińtà Ni àbí Linus? Ibi Tí Wàhálà Dráífà Linux Ti Ṣẹ̀

Àríyànjiyàn kan tó ṣẹlẹ̀ níṣojú mi ní Computer Village, Ìkẹjà, ló bí àpilẹ̀kọ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ wá bá àgbà oníṣẹ́ kan. Ó ti yọ Windows kúrò lórí rẹ̀, ó ti fi Ubuntu sí i, gbogbo rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àfi Wi-Fi. Ó ní òun ti nù ún, òun sì tún un fi sí i, òfo ló já sí.

“Ṣé o ti bi í pé kí ló ń ṣe é?” ni bàbá náà wí.

“Ta ni kí n bi, sà?”

“Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò mọ̀ ju kẹ́ ẹ nù ún, kẹ́ ẹ tún un fi sí i lọ. Pírińtà kan ní Amẹ́ríkà ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀, ẹ ò kàn mọ̀ ni.”

Ọkùnrin tó ń ta ṣájà ní ìsọ̀ kejì bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú o, bàbá. Pírińtà kò mọwọ́ kò mẹsẹ̀ níbẹ̀. Linus ni kẹ́ ẹ mú.”

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé, dráífà ni ògbufọ̀ láàárín kernel tó ń darí kọ̀ǹpútà àti ohunkóhun tí wọ́n bá so mọ́ ọn: káàdì Wi-Fi, pírińtà, káàdì àwòrán. Iléeṣẹ́ tó ṣe káàdì ló mọ èdè káàdì rẹ̀. Iléeṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń kọ dráífà fún Windows. Ní ti Linux, ọ̀pọ̀ wọn kò kọ ọ́ láyé ọjọ́un, wọn kò sì fẹ́ sọ èdè náà fún ẹni tó fẹ́ bá wọn kọ ọ́.

Ìtàn tí gbogbo èèyàn mọ̀ kò gùn: Richard Stallman kéde GNU ní oṣù kẹsàn-án 1983, Linus Torvalds kéde Linux ní Finland ní oṣù kẹjọ 1991, Mark Shuttleworth ọmọ South Africa gbé Ubuntu, irú Linux kan, jáde ní oṣù kẹwàá 2004. Ti pírińtà ló dùn ún sọ.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, iléeṣẹ́ Xerox fi pírińtà lésà kan ta yàrá ìwádìí AI Lab ní MIT lọ́rẹ. Ó yá ju èyí tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bébà a máa há sí i. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń lò ó. Èèyàn á jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, á dúró títí, á wá dìde lọ wò ó, kó tó rí i pé ojú ewé bíi mélòó kan péré ló jáde kí bébà tó há, tí iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn sì ti tò sẹ́yìn tirẹ̀. Pírińtà àtijọ́ náà a máa há, ṣùgbọ́n Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ti wá nǹkan ṣe sí i. Ó tún kóòdù rẹ̀ kọ, tó fi jẹ́ pé bí bébà bá há, ìkéde á yọ sójú kọ̀ǹpútà gbogbo ẹni tó ń retí iṣẹ́, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì dilẹ̀ á lọ tú u. Kò wo bébà híhá sàn o. Ó kàn jẹ́ kí àwọn tó ń dúró tètè mọ̀ ni.

Ohun kan náà ló fẹ́ ṣe fún tuntun yìí. Xerox kò fi kóòdù náà ránṣẹ́. Èyí tí ẹ̀rọ nìkan lè kà ló wà níbẹ̀. Stallman wá gbọ́ pé ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní Pittsburgh, ní kóòdù náà lọ́wọ́. Nígbà tí ọ̀nà gbé e débẹ̀, ó yà sí ọ́fíìsì ọkùnrin náà, ó sì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyẹn ní rárá, òun ti ṣèlérí pé òun kò ní fún ẹnikẹ́ni. Inú bí Stallman débi pé kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ó kẹ̀yìn sí i, ó jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ń rọ́ ìtàn yìí kiri láti ọjọ́ pípẹ́. Bébà tó há kọ́ ló bí i nínú tó bẹ́ẹ̀, ìlérí yẹn ni. Bàbá Ìkẹjà sì jàre débẹ̀, nítorí irú ìlérí kan náà ni àwọn tó ń ṣe káàdì fi di Linux lọ́wọ́ fún ọdún gbọọrọ.

Ṣùgbọ́n aláṣájà náà kò sọ ìsọkúsọ. Nínú ìkéde rẹ̀ ní 1991, Linus ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí ohun tí òun ń ṣe má gba hard disk mìíràn láéláé yàtọ̀ sí irú tòun, nítorí irú yẹn nìkan lòun ní. Bí dráífà Linux ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ohun tí kálukú bá ní nílé ni yóò kọ dráífà fún. Ní oṣù kìíní 1992, Andrew Tanenbaum, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Amsterdam tó kọ Minix, sọ ọ́ ní gbangba pé ìlànà Linux ti di ti àtijọ́. Lójú tirẹ̀, kí kernel kéré, kí dráífà dúró síta. Linus fèsì gbígbóná, ó sì tọrọ àforíjì lẹ́yìn náà nítorí ohùn tó fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú kernel ni ọ̀pọ̀ dráífà wà títí dòní.

Ibẹ̀ ni ìdààmú ti wọlé. Àwọn tó ń kọ kernel kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí inú rẹ̀ ṣe rí lónìí ni yóò rí lọ́la. Greg Kroah-Hartman tiẹ̀ kọ ìwé kan sínú kernel láti fi ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Dráífà tí kóòdù rẹ̀ bá wà nínú ilé, ẹni tó yí ilé padà ni yóò tún un ṣe. Èyí tí iléeṣẹ́ bá fi pamọ́ síta, ó di dandan kó máa sá tẹ̀lé e. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi máa ṣe update lálẹ́, tí ilẹ̀ á mọ́, tí Wi-Fi á ti lọ.

Lórí Broadcom ni ẹjọ́ bàbá náà àti ti aláṣájà ti pàdé. Iléeṣẹ́ yìí kò sọ bí káàdì Wi-Fi rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan fi ndiswrapper gbé dráífà Windows wọnú Linux bó ṣe wà. Àwọn mìíràn pín ara wọn sí méjì: apá kan ń tú dráífà Broadcom wò, wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, apá kejì, tí kò fojú kan dráífà náà, fi àkọsílẹ̀ yẹn kọ tuntun. Ó wọ kernel 2.6.17 ní 2006. Firmware, ìyẹn kóòdù tí wọ́n ń rọ sínú káàdì náà fúnra rẹ̀, ló kù. Ti Broadcom ni, wọn kò gbọ́dọ̀ pín in. Oníláptọ́ọ̀pù ni yóò lọ wá a. Nígbà tí Broadcom fi kóòdù sílẹ̀ ní 2010, àwọn káàdì tuntun ló ṣe é fún.

Ká padà sí Ìkẹjà. Bàbá náà tẹ rfkill list, ó rí i pé kò sẹ́ni tó fi bọ́tìnì pa Wi-Fi náà. Ó tẹ lspci -k. Orúkọ káàdì yọ, BCM4312, abẹ́ rẹ̀ sì ni “Kernel driver in use: b43-pci-bridge.”

“Dráífà wà níbẹ̀ nígbà náà, sà!”

“Ó wà, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣófo.”

Ó wá tẹ sudo dmesg. Láàárín ìlà jàn-àn-ràn-jan-an-ran, ọ̀kan dúró gedegbe: “b43-phy0 ERROR: Firmware file "b43/ucode15.fw" not found.” Èyí tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n lọ gbà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà tí kò ní Wi-Fi ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún! Bàbá náà fi wáyà so fóònù mọ́ ọn, ó ya dátà rẹ̀ lò, ó fi firmware-b43-installer sí i, ó pa á, ó tàn án. Wi-Fi dé.

Lónìí, irú èyí ti ń dínkù. Nvidia, tí Linus nawọ́ èébú sí níwájú kámẹ́rà ní Yunifásítì Aalto ní 2012, ṣí apá tó wọ kernel nínú dráífà rẹ̀ sílẹ̀ ní 2022. Lọ́dún yẹn kan náà ni àwọn ará Debian, irú Linux mìíràn, dìbò pé kí firmware oníléeṣẹ́ wọnú ohun tí wọ́n fi ń gbé Debian sórí ẹ̀rọ, ó sì bá Debian 12 jáde ní 2023. Ó dẹrùn, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àṣírí tó lé Stallman jáde ní Pittsburgh kò lọ síbì kan. Inú káàdì ló rọra sá wọ̀. Àwọn àgbà oníṣẹ́ sì ń ráhùn pé ọmọ iṣẹ́ tí yóò ka dmesg kó tó nu ẹ̀rọ ti di ọ̀wọ́n, bó bá sì ti bà á tì, á ní Ubuntu ló burú.

Èyí tó ń dà wọ́n láàmú jù báyìí, wọ́n ní, ni Secure Boot, tó wọ̀lú pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ Windows 8 ní 2012. Dráífà tí kò bá ní òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ mọ̀ kò ní wọlé. Bí èèyàn bá fi ti Nvidia tàbí ti Broadcom sí i, wọ́n á ní kó yan password kan, tó bá sì tan ẹ̀rọ padà, ojú búlúù kan á yọ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 péré. Ọ̀pọ̀ á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, wọ́n á jẹ́ kó kọjá, tàbí kí wọ́n tẹ Continue boot. Enroll MOK ni kí wọ́n yàn, kí wọ́n sì tẹ password ọjọ́ yẹn.