Dùùrù Kàtídírà Kírísítì, Marina, Èkó

Dùùrù Kàtídírà Kírísítì jẹ́ dùùrù onípáìpù tó wà nínú Kàtídírà Ìjọ Kírísítì ti Ìjọ Áńgílíkà ní Marina, Erékùṣù Èkó, ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ó wà lára àwọn dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tí òkìkí wọn kàn jù lọ nílẹ̀ Yorùbá, nítorí pé nídìí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ orin Yorùbá sílẹ̀ ní àmì orin ti kọ́ṣẹ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Èkó ni ó wà, ìtàn rẹ̀ kan Ìbàdàn pẹ̀lú.

Orúkọ àti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Nínú Bíbélì Mímọ́, ohun èlò olókùn tí Dáfídì ń lò ni à ń pè ní dùùrù. Àwọn ọmọ ìjọ ló fẹ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lójú, tí wọ́n fi ń pe ohunkóhun tí a bá ń fi ìka tẹ̀ kí ó tó dún: hàmóníọ́mù, píánò àti dùùrù onípáìpù. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ènìyàn ń tẹ dùùrù, tí a sì ń pe ẹni náà ní atẹdùùrù.

Afẹ́fẹ́ ni ẹ̀mí dùùrù onípáìpù. Ohun kan tó jọ ẹwìrì alágbẹ̀dẹ ni ó ń kó afẹ́fẹ́ jọ sínú àpótí ńlá. Bí atẹdùùrù bá tẹ ọ̀kan nínú àwọn ègé pẹlẹbẹ tó wà níwájú rẹ̀, ihò kan yóò ṣí, afẹ́fẹ́ yóò sì wọ inú páìpù tó bá a mu, bí ìgbà tí ènìyàn fọn fèrè. Páìpù tó gùn ní ohùn ìsàlẹ̀, èyí tó kúrú ní ohùn òkè. Ẹsẹ̀ atẹdùùrù kò sinmi pẹ̀lú, nítorí pé àwọn igi gbọọrọ wà nísàlẹ̀ tí ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ fún àwọn ohùn tó rẹlẹ̀ jù lọ. Nígbà àtijọ́, ènìyàn ni ó máa ń dúró sí ẹ̀yìn dùùrù láti máa fín ẹwìrì. Ẹ̀rọ oníná ni ó ń ṣe é lónìí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé nǹkan Òyìnbó pátápátá ni dùùrù yìí. Ṣùgbọ́n ní ìlú Alẹkisáńdríà ní Íjíbítì, ní ilẹ̀ Áfíríkà, ni Ctesibius ti ṣe dùùrù àkọ́kọ́ tí ìtàn mọ̀, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kírísítì. Omi ni ó fi ń mú kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dúró déédéé.

Ìtàn

Ọdún 1867 ni ìjọ náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì tó di Edward Kẹjọ lẹ́yìn náà ni ó fi ìpìlẹ̀ ilé tó wà níbẹ̀ báyìí lélẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin ọdún 1925, ilé náà kò sì parí títí di 1946. Thomas King Ekundayo Phillips (1884–1969), ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ni atẹdùùrù àti ọ̀gá akọrin ibẹ̀ láti 1914 títí di 1962. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, nígbà tí ilé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn kọ́lékọ́lé, òun àti àwọn akọrin rẹ̀ rin ìrìn-àjò láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń kọrin láti fi wá owó dùùrù tuntun. Ẹ̀gbẹ́ akọrin ni ó fi ohùn ra dùùrù náà, bí a bá lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Fẹlá Ṣówándé (1905–1987) ni ó lókìkí jù nínú àwọn tí Phillips tọ́. Ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1930, ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists ní 1943, ó sì di atẹdùùrù ní Kingsway Hall, ilé ìjọsìn àwọn Mẹ́tọ́díìsì. Ayọ̀ Bánkọ́lé (1935–1976) àti Samuel Akpabot, tí kì í ṣe Yorùbá, jáde láti inú ẹgbẹ́ akọrin yìí pẹ̀lú. Nígbà tí Phillips fi ipò sílẹ̀, ọmọ rẹ̀, Charles Obáyọ̀mí Phillips, ni ó rọ́pò rẹ̀.

Dùùrù àti ohùn èdè Yorùbá

Níbi yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà tí David àti Anna Hinderer tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1853, orin ìsìn tí a túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wọn ń kọ, lórí ohùn orin tí a mú ti òkè òkun wá. Bákan náà ni ó rí ní Abẹ́òkúta àti Èkó. Ṣùgbọ́n èdè olóhùn ni Yorùbá. Ọkọ (ti ìyàwó), ọkọ́ (tí àgbẹ̀ ń lò), ọkọ̀ (tí a ń wọ̀) àti ọ̀kọ̀ (ti ológun) kò yàtọ̀ síra bí kò ṣe nípa ohùn. Bí orin bá gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ìtumọ̀ dàrú. Ẹsẹ orin mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sì ń pín ohùn orin kan ṣoṣo lò. Bí ohùn náà bá ṣèèṣì bá ẹsẹ kìn-ín-ní mu, kí ni yóò mú un bá ẹsẹ kejì mu?

Phillips kọ ìwé Yoruba Music, tó jáde ní 1953, lórí bí ọ̀rọ̀ sísọ àti orin ṣe so pọ̀. Nínú àwọn orin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún ìsìn, ọ̀rọ̀ ni ó ń ṣáájú, ohùn orin sì ń tẹ̀ lé e. Lára wọn ni "Èmi yóò gbé ojú mi sókè" tó wá láti inú Sáàmù 121. Dùùrù kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí tán. Dùndún lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ẹnu ṣe ń fà á, ṣùgbọ́n ohùn páìpù kọ̀ọ̀kan dúró gbagidi síbi kan ni. Ẹni tó ń kọ orin Yorùbá fún dùùrù gbọ́dọ̀ fo láti orí ohùn kan sí èkejì, kí ó sì jẹ́ kí etí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ dí àlàfo náà.

Ṣówándé gba ọ̀nà mìíràn. Ó mú àwọn orin ìbílẹ̀, ó sì kọ́ iṣẹ́ dùùrù aláìlọ́rọ̀ lé wọn lórí. "Oyígíyigì" àti "Ọbáńgíjì" wà lára wọn. Ní àwọn ọdún 1960 ó wá sí Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ó ti ṣe ìwádìí lórí Ifá. Atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì tó jókòó ti àwọn babaláwo: àwọn kan rí i bí ìyapa, bẹ́ẹ̀ orin rẹ̀ ti tọ́ka sí i tipẹ́.

Ìtọ́jú

Ojú ọjọ́ kò bá irú dùùrù yìí lò pọ̀. Igi ń wú lásìkò òjò, ó ń sán lásìkò ọyẹ́. Ooru ń gbé ohùn páìpù sókè. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ láti inú ọ̀sà ń jẹ irin, Marina sì rèé létí omi. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ yóò dákẹ́ láàárín orin. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe yan dùùrù oníná kékeré, tí kò ní páìpù rárá. Kàtídírà Kírísítì kò ṣe bẹ́ẹ̀: ilé iṣẹ́ Oberlinger láti Jámánì ni ó ṣe dùùrù onípáìpù tí wọ́n ń lò níbẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí.